Ta Lo Bi Léèrè?

Orí àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi wa ní Erunmu ni mo jókòó sí ní ọjọ́ tí mo fọwọ́ ara mi ba ọ̀rọ̀ ara mi jẹ́. Ibẹ̀ nìkan ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í ti í ṣe ènìyàn bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí. Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ti kọjá. Ọ̀rọ̀ mẹ́tàdínlógójì ni mo ti kó jọ, ogójì ni mo ń wá, aago mẹ́fà géérégé ni wọn yóò sì ti ilẹ̀kùn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ilẹ̀kùn tí mo ń wí. Ẹgbẹ́ kan ní Ìbàdàn ló dá ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ kan sílẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì fún àwa ọ̀dọ́ abúlé oko, ẹ̀kọ́ nípa adìyẹ sísìn. Orí fóònù la ti ń kọ́ ọ. Nítorí pé àwọn ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ le, wọ́n ṣe ohun kan síbẹ̀ tí wọ́n pè ní Àpò Ọ̀rọ̀. Bí o bá pàdé ọ̀rọ̀ tó ṣòro, wàá wá ìtumọ̀ rẹ̀, wàá kọ ọ́ ní Yorùbá tó yé ènìyàn, wàá sì jù ú sínú àpò. Ẹlòmíràn tó bá pàdé ọ̀rọ̀ náà, ì báà wà ní Ẹgbẹ́dá, ì báà wà ní Akínyẹlé, yóò tọwọ́ bọ àpò, yóò sì mú ìtumọ̀ rẹ jáde. Àpò kan ni, ọwọ́ púpọ̀ ló ń wọ̀ ọ́.

Ìlà mẹ́ta ló wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ìlà kìíní ni ọ̀rọ̀ náà. Ìkejì ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ìkẹta, tí í ṣe orísun gbogbo wàhálà mi, ni ìbéèrè yìí: Ta lo bi léèrè? Orúkọ ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ sínú àpò kì í hàn sí wa. Orúkọ ẹni tí a bi léèrè ló ń hàn. Àǹtí Olúfúnmi, olùkọ́ wa, ti sọ ìdí rẹ̀ fún wa láti ọjọ́ àkọ́kọ́.

"Ẹ̀yin ọmọ mi," ni wọ́n wí nínú ohùn tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí wa, "mi ò fẹ́ ìtumọ̀ tí ẹ fi orí ara yín rò. Ẹ dìde, ẹ lọ bá ẹni tó mọ̀ ọ́n, kí ẹ bi í. Orúkọ ẹni yẹn ni ẹni tó fẹ́ lo ọ̀rọ̀ yín máa gbára lé."

Àwọn márùn-ún tó bá kọ́kọ́ kó ogójì ọ̀rọ̀ jọ ni wọn yóò mú lọ sí oko ńlá kan fún oṣù méjì, láti fi ọwọ́ ara wọn kọ́ṣẹ́ kí wọ́n sì gba ìwé ẹ̀rí. Mo fẹ́ lọ, ó ń ṣe mí bí òùngbẹ. Ohun tó tún burú ni pé mo ti fọ́nnu ká gbogbo Erunmu. Mo ti sọ fún àwọn ẹgbẹ́ mi ní kíláàsì karùn-ún. Mo ti sọ fún aránṣọ ojúlé kejì. Bàbá mi, tí wọ́n jẹ́ akọ̀wé ní ìjọba ìbílẹ̀ Lágelú ní Ìyànà Ọ̀fà, ti sọ ọ́ fún àwọn ará ọ́fíìsì wọn pé, "Bólúwatifẹ́ ọmọ mi ń lọ kọ́ṣẹ́ adìyẹ." Báwo ni mo ṣe máa wá padà sọ pé mi ò lọ mọ́?

Àwọn mẹ́rin ti dé ogójì. Àyè ẹnì kan ṣoṣo ló kù. Ọmọkùnrin ará Ẹgbẹ́dá kan tó ń jẹ́ Sàníù, tí mi ò rí sójú rí ṣùgbọ́n tí mo kórìíra bí ẹni rí ìgbẹ́, ti wà ní méjìdínlógójì.

Mo kọ méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyẹn kò le, mo ti béèrè wọn lánàá lọ́wọ́ ìyá Kifayah, ọ̀rẹ́ mi, tó ń sin igba adìyẹ lẹ́yìn ilé wọn. Ó wá ku ẹyọ kan: bí a ṣe ń tọ́jú àjẹsára nínú òtútù. Ẹni tó mọ èyí ni Dókítà Mahfuz, dókítà ẹran tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Ìyànà Ọ̀fà. Mo ti bi wọ́n ní ọ̀rọ̀ méjìlá rí, wọ́n sì dá mi lóhùn pẹ̀lú sùúrù bí ẹni tí kò ní iṣẹ́ mìíràn. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n bẹ̀ mí: "Ìgbàkígbà tí o bá fẹ́ kọ orúkọ mi síbẹ̀, kọ́kọ́ bi mí."

Mo pe fóònù wọn. Wọn kò gbé e. Mo wo ojú ìwé ẹ̀kọ́ wa: Sàníù ti di mọ́kàndínlógójì.

Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi pẹ̀lẹ́ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í nini lára. Mo mọ òwe náà dáadáa. Mo tilẹ̀ ti fi kọ àròkọ rí, mo sì gba máàkì. Ṣùgbọ́n ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, òwe kò rántí mi, èmi náà kò rántí òwe.

Mo rántí Màmá Àgbà, ìyá bàbá mi. Oògùn tí wọ́n ń kán sójú, ẹsẹ̀ àmù ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí, nínú iyanrìn tútù tí àmù omi jókòó lé. Ibẹ̀ ló tutù jù nínú ilé wa. Obì ibẹ̀ kì í gbẹ, ewé ibẹ̀ kì í rọ. Mo wí nínú ara mi pé oògùn ni oògùn ń jẹ́, bí ẹsẹ̀ àmù bá gba ti ojú ènìyàn, ṣé ti adìyẹ ló máa wá kọ̀? Mo kọ ọ́ kíákíá: "Bí kò bá sí iná mànàmáná, gbé àjẹsára sí ẹsẹ̀ àmù nínú iyanrìn tútù. Yóò wà bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin." Ibo ni mo ti rí ọjọ́ mẹ́rin? Ọlọ́run nìkan ló mọ̀. Ó kàn dùn létí ni.

Ó wá ku ìlà kẹta. Bí mo bá kọ Màmá Àgbà, Àǹtí Olúfúnmi yóò dá a padà. Mo kọ ọ́ báyìí: Dókítà Mahfuz, Ìyànà Ọ̀fà.

Ogójì. Aago mẹ́fà ku ìṣẹ́jú mẹ́fà.

Kifayah ń ti ilé kéú bọ̀ nígbà náà, ó sì bá mi níbi tí mo ti ń jó lórí àtẹ̀gùn láìsí ìlù. Nígbà tó gbọ́, ó gbé mi, ó fi mí yí po. "Tifẹ́! Àlùbáríkà! Ṣebí mo sọ fún ọ?" Inú rẹ̀ dùn ju tèmi lọ. Òun alára kò du ipò kankan. Ohun tó ń fi Àpò Ọ̀rọ̀ ṣe ni pé, ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ tí ìyá rẹ̀ bá ń fún adìyẹ lóúnjẹ, yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé adìyẹ, yóò máa ka àwọn ọ̀rọ̀ náà sí wọn létí. Ìyá Kifayah kò kàwé. Ọmọ yìí ni ojú wọn. Ní kíláàsì wa pàápàá, kò sí ẹni tó ń kàwé sókè bíi Kifayah. Bó bá ń kà, àwọn aláriwo ẹ̀yìn á dákẹ́.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, Ìyá Kifayah lọ ra àjẹsára lúkúlúkú ní ṣọ́ọ̀bù Dókítà Mahfuz. Lúkúlúkú ni àrùn tí í máa pa adìyẹ nígbà ọyẹ́, kì í sì í fi ojú rere wo ẹnikẹ́ni. Dókítà fi omi dídì yí i ká nínú kúlà kékeré, wọ́n ní kí Ìyá Kifayah lò ó kí ilẹ̀ tó ṣú. Ṣùgbọ́n mọ́tò bàjẹ́ lọ́nà. Nígbà tí wọ́n délé, àwọn adìyẹ ti mu omi yó, bẹ́ẹ̀ òùngbẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbẹ wọ́n kí wọ́n tó lè mu omi àjẹsára tán. Ó di ọ̀la. Omi dídì inú kúlà ti yọ́. Iná kò sì sí ní Erunmu láti ọjọ́ márùn-ún, fíríìjì gbogbo ti di kọ́bọ́ọ̀dù.

"Kifayah," ni ìyá rẹ̀ pè é, "wo inú àpò yín yẹn. Kí ni kí n ṣe sí i?"

Kifayah wò ó, ó sì kà á.

"Ẹsẹ̀ àmù kẹ̀? Dókítà fúnra wọn ló wí bẹ́ẹ̀?"

"Orúkọ wọn nìyí, Màámi."

"Ó dáa. Bí wọ́n bá ti ní bẹ́ẹ̀ ni."

Wọ́n gbé e sí ẹsẹ̀ àmù. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò tíì mọ́ dáadáa tí wọ́n fi wá túfọ̀ fún wọn pé ẹ̀gbọ́n wọn kú ní Lálúpọn. Wọ́n lọ sìnkú. Nígbà tí wọ́n máa padà dé, ó di ọjọ́ kẹrin. Wọ́n bi Kifayah bóyá ó ṣì dára. Kifayah tún ṣí fóònù, ó tún kà á: ọjọ́ mẹ́rin. Wọ́n pò ó mọ́ omi, wọ́n fún àwọn adìyẹ mu, ọkàn wọn sì balẹ̀. Gbogbo èyí, Kifayah ló sọ ọ́ fún mi lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ.

Ní oṣù kìíní, ọyẹ́ mú, lúkúlúkú sì dé. Ó wọ ilé Bàbá Roheem ní ìsàlẹ̀ odò, kò rí wọn gbé ṣe, nítorí wọ́n ti fún adìyẹ wọn ní àjẹsára bó ṣe yẹ. Ó wá wọ ẹ̀yìnkùlé Ìyá Kifayah. Ọjọ́ kìíní, mẹ́ta kú. Ọjọ́ kejì, ogún. Nígbà tó fi di ọjọ́ kẹfà, ó ku díẹ̀ kí wọ́n kú tán. Mo fojú ara mi rí wọn: ọrùn wọn lọ́, wọ́n ń yí bìrìpó lórí ìdúró, ìyẹ́ wọn wó nílẹ̀, ìgbẹ́ wọn dà bí omi ewé. Ìyá Kifayah ń gbé òkú wọn sínú àpò sìmẹ́ńtì, wọ́n ń tún gbólóhùn kan ṣoṣo sọ: "Mo fún wọn. Wàláì, mo fún wọn."

Kifayah fà mí lọ́wọ́ sẹ́yìn ilé. Ojú rẹ̀ ti wú. "Màámi ní àwọn ń lọ bá dókítà jà lọ́la. Ọ̀rọ̀ tí dókítà sọ nínú àpò ló bà á jẹ́. Roheem ní bàbá òun sọ pé ẹsẹ̀ àmù kò tutù tó fún àjẹsára, pé ooru ti pa á kí wọ́n tó lò ó. Tifẹ́, ìwọ mọ dókítà yẹn. Bá wa lọ."

Mo ní, "Mo gbọ́." Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé èmi ni mo pa àwọn adìyẹ wọ̀nyẹn, ó ku kí n gé wọn lọ́rùn ni.

Ṣé mo sọ ọ́? Rárá o. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, mo padà sí orí àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹni tó bá kọ ọ̀rọ̀ sínú àpò lè ṣí i kó sì tún un ṣe. Mo pa ẹsẹ̀ àmù rẹ́. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Inú omi dídì nìkan ni kí o gbé e sí, kí o sì lò ó lọ́jọ́ náà gan-an." Mo fi orúkọ dókítà sílẹ̀ níbẹ̀. Mo parọ́ fún ara mi pé mo ń ṣàtúnṣe ni, kí ẹlòmíràn má baà ṣìnà. Ṣùgbọ́n aṣọ kò bá Ọmọ́yẹ mọ́, Ọmọ́yẹ ti rìnhòòhò wọjà.

Ọjọ́ kejì ni a lọ sí Ìyànà Ọ̀fà. Ìyá Kifayah kò tilẹ̀ kí ènìyàn. Láti ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti ń pariwo, tí àwọn tó ń ra oúnjẹ adìyẹ fi yà sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Dókítà, kí ni mo ṣe fún yín? Adìyẹ igba! Mọ́kànlá ló kù! Ẹ̀yin lẹ ní kí n gbé e sí ẹsẹ̀ àmù!"

Dókítà Mahfuz dìde. "Ẹ fara balẹ̀, Ìyá Kifayah. Ẹ pẹ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n èmi kọ́? Níbo ni mo ti sọ bẹ́ẹ̀?"

"Kifayah, kà á fún wọn!"

Kifayah ṣí fóònù. Ó la ẹnu, ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohùn rẹ̀ tó já gaara: "Inú omi dídì nìkan ni kí o..." Ó dákẹ́. Ó sún fóònù mọ́ ojú. Ó gbé e jìnnà sí ojú. Ó tún bẹ̀rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì ti ń gbọ̀n.

Dókítà gba fóònù náà, wọ́n kà á. "Bẹ́ẹ̀ gan-an ni mo máa ń wí fún gbogbo ènìyàn," ni wọ́n wí jẹ́jẹ́. "Ìyá Kifayah, ohun tó wà níbí nìyí."

Ìyá Kifayah yí ojú sí ọmọ wọn.

"O kà á fún mi pé ẹsẹ̀ àmù."

"Màámi, ẹsẹ̀ àmù ni mo rí."

"Níbo ló wà?"

Kifayah nawọ́ sí fóònù tó wà lọ́wọ́ dókítà. Ìyá rẹ̀ kò gbá a létí. Ì bá sàn kí wọ́n gbá a. Wọ́n kàn wò ó títí, wọ́n ní, "Ojú rẹ ni mo fi ń ríran, Kifayah. Mi ò mọ̀ pé o kàn ń sọ ohun tó bá wá sí ọ lẹ́nu ni." Wọ́n gba fóònù, wọ́n dì í mọ́ ìdí ìró wọn, wọ́n sì bẹ dókítà níwájú gbogbo ènìyàn. Èmi nìyẹn tí mo fara ti àpò oúnjẹ adìyẹ, tí mo ń wo bàtà mi.

A wá ọkọ̀ padà sílé. Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀, tí ìyá rẹ̀ ti lọ síwájú, Kifayah di ọwọ́ mi mú.

"Tifẹ́, má tàn mí o. Ṣé ó lè jẹ́ pé mo ṣì í kà? Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kà á. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo rí ẹsẹ̀ àmù. Ṣé ojú mi ni?"

Ibi tí mo ti lè sọ̀rọ̀ nìyẹn. Kò sí ẹlòmíràn lọ́nà, òun àti èmi nìkan ni. Mo wo ilẹ̀, mo ní, "Bóyá."

Ọ̀rọ̀ kan péré. Nínú gbogbo irọ́ tí mo ti pa láti ìgbà tí mo ti ń sọ̀rọ̀, kò sí èyí tó kéré tó o, kò sì sí èyí tó burú tó o.

Ọ̀sẹ̀ yẹn kò ṣeé gbé. Lẹ́tà mi ti dé: ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni kí n wá sí oko ìkọ́ṣẹ́. Bàbá mi ti ra báàgì tuntun fún mi, Màmá Àgbà ń fi adúrà rán mi lọ ní àárọ̀ àti ní alẹ́. Ní ilé Kifayah, ìyá rẹ̀ ti sọ pé bí sáà yìí bá parí, ó máa lọ bá àbúrò bàbá rẹ̀ ní Ìyànà Ọ̀fà, kó lọ kọ́ irun dídì. "Ẹni tó kàwé tí kò rí ohun tó wà nínú ìwé, kí ló fẹ́ fi ìwé ṣe?" ni wọ́n wí.

Ohun tó já mi kulẹ̀ pátápátá ṣẹlẹ̀ ní kíláàsì. Olùkọ́ Yorùbá wa, Ọ̀gbẹ́ni Sanmí, ní kí Kifayah dìde ka ojú ìwé kan, gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn. Kifayah dìde. Ó wo ìwé náà títí. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́ sà, ẹ ní kí ẹlòmíràn kà á." Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ọ̀gbẹ́ni Sanmí rò pé ara rẹ̀ kò yá. Kifayah jókòó, mo sì rí i tó ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan nínú ìwé náà, bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ jẹ́lé-ó-sinmi, tó ń wò ó bóyá ohun tí òun rí ni gbogbo ènìyàn rí.

Mo bú sẹ́kún nínú kíláàsì. Àwọn tó jókòó tì mí rò pé inú ló ń run mí.

Mi ò dúró kí agogo ìparí lù. Mo bá Ìyá Kifayah lẹ́yìn ilé níbi tí wọ́n ti ń fọ́n eérú sínú ilé adìyẹ tó ṣófo. Mo kúnlẹ̀ sínú eérú náà.

"Bólúwatifẹ́, kí ló dé? Ta ló kú?"

"Kifayah kò ṣì í kà, mà. Ẹsẹ̀ àmù ló wà níbẹ̀. Èmi ni mo kọ ọ́. Nígbà tí adìyẹ ń kú, èmi náà ni mo lọ pa á rẹ́."

Wọ́n gbé abọ́ eérú sílẹ̀. Wọn kò pariwo. Ohùn wọn lọ sílẹ̀ tí ẹ̀rù fi bà mí.

"Ta lo bi léèrè?"

"Mi ò bi ẹnikẹ́ni, mà. Oògùn ojú Màmá Àgbà ni mo fi wé e. Mo fẹ́ tètè pé ogójì ni."

"O wá kọ orúkọ dókítà sí i."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Wọ́n jókòó lórí agbada omi tí wọ́n ti dojú rẹ̀ dé. "Adìyẹ mi," ni wọ́n wí, "Ọlọ́hun á fi òmíràn rọ́pò. Ṣùgbọ́n mo bú ọmọ mi níwájú ayé. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Dúró níbẹ̀. Kifayah ń bọ̀. O máa sọ ọ́ lójú rẹ̀."

Kifayah dé pẹ̀lú báàgì ìwé léjìká. Mo sọ ọ́ lójú rẹ̀. Kí n tó parí ni ìyá rẹ̀ ti dìde, tí wọ́n mú un ní ọwọ́ méjèèjì. "Kò sí ohun tó ṣe ojú rẹ, ọmọ mi. Èmi ni mo ṣì ọ́ wí. Má bínú sí mi." Kifayah bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Nígbà tó yá, ó wo èmi tí mo ṣì wà lórí eékún.

"Ti adìyẹ kọ́ ló dùn mí jù," ló wí. "Mo bi ọ́, Tifẹ́. Mo ní ṣé ojú mi ni. O ní bóyá."

Ó wọlé lọ.

Bàbá mi kò nà mí. Wọ́n gbé báàgì tuntun náà sí orí àjà, wọ́n sì mú mi lọ sí Ìyànà Ọ̀fà lọ́jọ́ kejì. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún dókítà, bẹ́ẹ̀ obìnrin ni mí, kíkúnlẹ̀ ni tiwa, ṣùgbọ́n kíkúnlẹ̀ kò tó mi mọ́. Dókítà ní kí n dìde. Wọ́n ní, "Orúkọ mi ni ìyá yẹn fọkàn tán. Ìwọ lo sì fi orúkọ mi tàn án. Mo ti dárí jì ọ́, ṣùgbọ́n má gbàgbé." Àǹtí Olúfúnmi yọ orúkọ mi kúrò nínú àwọn márùn-ún. Sàníù ará Ẹgbẹ́dá ló gba àyè mi, ó sì tọ́ sí i. Wọn kò lé mi kúrò nínú ẹ̀kọ́ náà. Ìyà tí wọ́n fi jẹ mí ni pé kí n fi ẹsẹ̀ ara mi rìn lọ bá gbogbo ẹni tí mo kọ orúkọ rẹ̀, kí n ka ohun tí mo kọ sí wọn létí, kí n sì tún èyí tí kò bá tọ́ ṣe. Ogójì ọ̀rọ̀, láìsí ẹ̀bùn. Ó gbà mí ní oṣù kan àti ààbọ̀, eruku ọ̀nà Lágelú sì mọ bàtà mi dáadáa.

Kifayah kò bá mi sọ̀rọ̀ ní gbogbo àkókò náà. Bí a bá pàdé, yóò kí mi bí a ti ń kí aládùúgbò, yóò sì kọjá lọ. Ìyá rẹ̀ kò rán an lọ síbi irun dídì mọ́, ṣùgbọ́n nínú kíláàsì, kò tíì kàwé sókè.

Nígbà tí ó ku ọ̀rọ̀ kan, mo lọ sí ilé wọn. Ọ̀rọ̀ náà ni lúkúlúkú. Dókítà ti sọ tiwọn nípa rẹ̀ fún mi, ṣùgbọ́n wọ́n ní, "Ẹni tó mọ̀ ọ́n jù mí lọ wà ní Erunmu." Adìyẹ mọ́kànlá ń jẹ̀ káàkiri ẹ̀yìnkùlé. Ìyá Kifayah sọ fún mi bí ọrùn ṣe ń lọ́, bí ìgbẹ́ ṣe ń rí, irú ohùn tí adìyẹ máa ń ké lọ́jọ́ tó ṣáájú. Wọ́n sọ ọ́ títí omi fi lé sí ojú wọn. Mo kọ gbogbo rẹ̀. Nígbà tí mo parí, mo fẹ́ kà á sí wọn létí.

"Ìwọ kọ́," ni wọ́n wí. "Kifayah! Wá kà á fún mi kí n gbọ́."

Kifayah jáde wá. Ó wo fóònù ọwọ́ mi bí ẹni wo ejò. Ìyá rẹ̀ dúró dè é. Ó gbà á. Ó bẹ̀rẹ̀, ohùn rẹ̀ kéré lákọ̀ọ́kọ́. Bó ti ń kà á lọ ni ìyá rẹ̀ ń mi orí: "Bẹ́ẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ ni mo wí." Ohùn náà wá ń ga, ó ń já gaara, títí tó fi dé ìlà kẹta.

"Ta lo bi léèrè?" ló kà. "Ìyá Kifayah, Erunmu."

"Ṣé bẹ́ẹ̀ ló wà níbẹ̀?" ni ìyá rẹ̀ bi í.

Kifayah kò tún un wò. "Bẹ́ẹ̀ ló wà níbẹ̀, Màámi," ló wí. Ó sì fi fóònù náà lé mi lọ́wọ́.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ ń ka ìtàn yìí, ẹni tó bá béèrè kì í ṣìnà. Èmi kò béèrè, èmi kọ́ sì ni mo ṣìnà, àwọn tó gbà mí gbọ́ ni. Ohun tí ẹ kò bá mọ̀, ẹ sọ pé ẹ kò mọ̀ ọ́n. Ẹ má fi orúkọ ẹni ẹlẹ́ni ṣe ẹlẹ́rìí irọ́, nítorí ẹ kò mọ ọwọ́ tí yóò wọ inú àpò lẹ́yìn yín. Bí ẹnikẹ́ni bá sì bi yín ní ìbéèrè kan tí òtítọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ yín, ẹ má ṣe sọ pé bóyá.